Ògbufọ̀ Aláǹgbá

Aláǹgbá onírùngbọ̀n ti ilẹ̀ Ọsirélíà kì í bi kòkòrò léèrè ìlú rẹ̀. Bó bá ti rí i, ó gbé e mì. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sìn ín, irú tanátaná kan ń fò lójúde. Ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1999 fi hàn pé ẹyọ kan lè pa á: yóò máa yanu, àwọ̀ rẹ̀ yóò dúdú, yóò sì kú. Ẹ̀bi tanátaná kọ́. Iná rẹ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Àjèjì ni kò gbọ́.

Ọlọ́sìn ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ìrẹ̀ tí a sìn ni yóò rà, èyí tí kò tóbi ju àlàfo àárín ojú ẹran náà lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ṣa èyí tó ṣẹ́kù kúrò, nítorí ìrẹ̀ tí ebi ń pa a máa gé aláǹgbá tó ń sùn jẹ.