Ìgbà Ooru La Ti Ń Múra De Òtútù

 

Ní Sátidé kan nínú oṣù Keje, a pàdé ní ìdí bọ́ọ̀sì ní Port Richmond Avenue, níbi tí búrẹ́dì àwọn ará Mẹ́síkò ti ń ta sánsán. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ló ní ká sin òun lọ sí Eighth Avenue ní Brooklyn, ládùúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ikọ́ fée ń da ọmọ rẹ̀ láàmú. Nígbà òtútù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ló sùn sí ọsibítù. Wọ́n wá sọ fún un níbi iṣẹ́ pé àwọn ará Ṣáínà ní oògùn kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nígbà ooru, kí ikọ́ má baà jà nígbà òtútù.

A wọ bọ́ọ̀sì S53, a gba orí afárá Verrazzano, àwọn ọmọ ń ka ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀. Ní 86th Street a wọ ọkọ̀ ojú irin R, a pààrọ̀ sí N ní 59th Street, ó ku ibùdó kan péré.

Gbòǹgbò àti èèpo igi kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dé òkè. Àfi bí ìsọ̀ lékuléja! Bàbá arúgbó kan ṣàlàyé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń túmọ̀. Sanfu ni wọ́n ń pe àsìkò náà, ìpín mẹ́ta tí ooru mú jù, láti oṣù Keje wọ oṣù Kẹjọ. Wọ́n á lọ èso mọ́sítádì funfun mọ́ àwọn egbò mìíràn, wọ́n á fi omi atalẹ̀ pò ó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fún wákàtí díẹ̀. Oníṣègùn Zhang Lu ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1695. Wọ́n gbà pé ooru ló ń lé òtútù tó sá pamọ́ sínú ara jáde. A rẹ́rìn-ín, torí ohùn àwọn ìyá wa àgbà nìyẹn, àwọn tó ń fi òrí pa wá láyà nígbà ọyẹ́.

Ìyá yìí bá bèèrè pé, "Ṣé kí n wá da oògùn tó ń fà sẹ́nu nù?"

Bàbá mi orí kíá. "Rárá o! Ẹ má dá a dúró." Ó ní oògùn náà máa ń ta ara, ó sì lè mú kí ẹ̀yìn lé roro, pàápàá tọmọdé. Ká kọ́kọ́ bi dókítà. Kò tà á fún wa. Atalẹ̀ la rà bọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, ìyá mú ọmọ lọ rí dókítà. Dókítà ní oògùn ẹ̀yìn kò lè dípò oògùn tó ń fà. Ó kọ ètò sílẹ̀ fún un: oògùn àràárọ̀, oògùn pàjáwìrì, àti abẹ́rẹ́ flú kí oṣù Kẹwàá tó parí.

Igi gànǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de yìnyín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sá fún abẹ́rẹ́ o! Kí òtútù bá gbogbo wa láyọ̀.