Ìka alájọ tí kò sún

1/ Lọ́dún tó kọjá, màmá mi pe alájọ wọn ní olè lójú gbogbo èèyàn ní Ọjà Tìmì, Ẹdẹ. Wọ́n san owó ọjọ́ méjì, ọjọ́ kan péré ló wà lórí káàdì. Èmi náà bá wọn pariwo o.

2/ Ìgbà tí mo wo káàdì yẹn dáadáa ni mo rí i: báírò kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú àpótí kan ṣoṣo. Ọmọkùnrin yẹn ní "Mo ti máàkì ẹ̀, Mà," kò sì purọ́. Ìka ẹ̀ ni kò sún sí àpótí tó kàn.

3/ Irú ẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀ nínú Linux ní 2023. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń kó ohun tí a fẹ́ kọ sínú memory ná kó tó gbé e sórí dísíìkì. Direct write kì í yà síbẹ̀, tààrà ló ń lọ. Tó bá kọ tán, ó gbọ́dọ̀ sún àmì tó ń sọ ibi tí kíkọ tó kàn máa ti bẹ̀rẹ̀. Àmì yẹn ni ìka alájọ.

4/ Wọ́n mú àtúnṣe kan wọ ext4 nínú Linux 6.1.64, kí fáìlì má baà kúrú bí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Àwa tí a mọ ìwà NEPA mọ̀ pé iṣẹ́ rere nìyẹn. Àmọ́ àtúnṣe mìíràn ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀, ìyẹn ò sì sí nínú 6.1.

5/ ext4 wá ń dáhùn pẹ̀lú iye tó kọ. Apá kejì, iomap, sì ń retí òdo kó tó sún àmì. Ó rí iye, kò sún un. Kíkọ kejì gun orí àkọ́kọ́, ó pa á rẹ́. Kò sí error kankan o!

6/ Debian dá 12.3 dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù December, wọ́n gbé 12.4 jáde pẹ̀lú Linux 6.1.66, èyí tí wọ́n ti mú àtúnṣe tó ṣẹ́kù yẹn wọ̀. Kò sẹ́ni tó jalè. Àtúnṣe tó dáa ló dá wá láìsí èkejì ẹ̀.

7/ Màmá mi padà lọ bẹ alájọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Àwọn méjì tó gbọ́ "olè" lọ́jọ́ náà ò dá àjọ lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́ títí dòní.

8/ Ní báyìí, tó bá ti ní "Mo ti máàkì ẹ̀, Mà," màmá mi á fa káàdì mọ́ra: "Ọmọ mi, jẹ́ ká jọ kà á."