Ìwàásù Ọjọ́ Ìsinmi, Òwò Ọjọ́ Ajé

Àdúrà kan wà tí ó ṣòro kí ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní Nàìjíríà sọ pé òun kò gbọ́ rí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù wa ló gbé e kalẹ̀ ká lè máa fi bẹ Ọlọ́run pé kó gba orílẹ̀-èdè yìí lọ́wọ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ìwà jẹgúdújẹrá. Àgbà ń kà á ní Mísà, ọmọdé ń kà á, ọ̀pọ̀ kò sì wojú ìwé mọ́ kí wọ́n tó kà á parí. Bí àdúrà náà ṣe tò ni mo fẹ́ ká wò. Níbi tó ti ń tọrọ ìwòsàn, àwa ló kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ fún, kó tó kan orílẹ̀-èdè. Níbi tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fọwọ́ kan ayé ẹ̀dá, ayé tiwa ló ṣáájú, ti àwọn aṣáájú ló tẹ̀ lé e. N kò rò pé àwọn tó ṣe é ṣèèṣì tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń kà á, Abuja lọkàn wa ń lọ. Ẹnu wa ń pe "àwa", ojú wa ń wá "àwọn".

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ tó kù fún oníwàásù ni kó mú ojú wa padà wálé.

Ẹ jẹ́ ká mú Allen Avenue ní Ikeja ṣe àpẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Leo wà ní Toyin Street, kò jìnnà síbẹ̀. Allen fúnra rẹ̀ kún fún báńkì, ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì lọ́yà àti ti àgẹ́ǹtì. Bí a bá yà sí apá kan, Computer Village la ó bá, níbi tí fóònù ti ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Apá kejì, Alausa ni, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti fáìlì rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ní Agidingbi àti ní Ọba Àkran láti ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967: Cadbury wà níbẹ̀, Guinness wà níbẹ̀, Dunlop náà ṣe táyà níbẹ̀ títí di 2008. Bí a bá kọjá wọn, Agege ló kàn, níbi tí àwọn oníbúrẹ́dì kì í ti í sùn lóru.

Àwọn tó jókòó síwájú fádà ládùúgbò bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé báńkì, oníṣòwò, ẹnjiníà, máníjà, mẹkáníìkì, dírẹ́bà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Iṣẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí tí wọ́n fi lajú sílẹ̀. Bí wọn yóò bá ṣẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣẹ̀ jù. Bí wọn yóò bá di mímọ́, ibẹ̀ náà ni. Síbẹ̀, nínú ìwàásù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu oríṣiríṣi fádà, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan ń sọ pé ká gbàdúrà sí i, ká gbààwẹ̀ sí i, ká má fi ìlẹ̀kẹ̀ Rosary sílẹ̀. Èkejì ń bá ìjọba wí. Òtítọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbọ́ méjèèjì tán, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ohunkóhun má yí padà níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń bá àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró lójú títì Allen lóru wí, nítorí ó ti pẹ́ tí orúkọ àdúgbò náà ti jáde fún fàájì òru. Ó rọrùn. Àwọn ọmọbìnrin yẹn kò sí níjókòó. Àwọn tó ń fi ọ̀sán ṣòwò lójú títì kan náà ló wà níjókòó.

Ìjọ fúnra rẹ̀ kò fi èyí ṣeré. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 1965, ìwé tí Àpérò Vatican Kejì gbé jáde lórí Ìjọ àti ayé òde òní ka yíya ìgbàgbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ òòjọ́ mọ́ àṣìṣe tó burú jù lọ ní sànmánì wa. Ìwé náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ẹni tó sá fún iṣẹ́ ayé torí pé ọ̀run lòun ń lọ jẹ̀bi, ẹni tó rì sínú iṣẹ́ ayé tó sì rò pé lílọ sí Mísà ti tó ẹ̀sìn náà jẹ̀bi.

Láìpẹ́ yìí, Ìjọ tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà tó le ju ti ìwé lọ. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, wọ́n kéde Floribert Bwana Chui ní Róòmù gẹ́gẹ́ bí ẹni ìbùkún, ìpele tó ṣáájú ti ẹni mímọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ ọdún 26, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ ọjà wò ní Goma, létí ibodè Kóńgò àti Rwanda. Ní 2007, àwọn kan kó ìrẹsì tó ti bàjẹ́ dé, wọ́n sì fi owó lọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kó kọjá. Ó kọ̀, nítorí àwọn aláìní ni yóò jẹ ìrẹsì náà. Wọ́n jí i gbé, wọ́n lù ú pa.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìtàn yìí. Kò sẹ́ni tó ní kó sẹ́ Kristi, kò sì sẹ́ni tó ní kó forí balẹ̀ fún òrìṣà kankan. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni. Síbẹ̀ Póòpù Francis fọwọ́ sí i ní 2024 pé ajẹ́rìíkú ni, pé ìkórìíra ìgbàgbọ́ ló pa á. Ohun tí Róòmù ń wí ni pé ìwé àṣẹ tí Floribert kọ̀ láti fọwọ́ sí yẹn gan-an ni ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò lè máa pe òótọ́ inú lẹ́nu iṣẹ́ ní ìwà ọmọlúwàbí lásán tí ẹ̀sìn kàn fara mọ́. Àárín gbùngbùn ẹ̀sìn gan-an ló wà.

Nàìjíríà náà ní tirẹ̀. Ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ni Dora Akunyili. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní PTF, àjọ ìjọba tó ń ná owó epo fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n fún un lówó kó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní London. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní kò nílò iṣẹ́ abẹ, ó sì dá £12,000 padà fún ìjọba. Ìròyìn owó yẹn wà lára ohun tó mú kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi í ṣe olórí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní 2001. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí àtọ̀gbẹ ń bá jà ti kú lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ayédèrú insulin ní 1988, nítorí náà ó mọ ohun tí ayédèrú oògùn ń ṣe nínú ilé. Ní oṣù Kejìlá 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní Anambra, ọta ìbọn sì gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo wa ni ìbọn ń dúró dè. Oníbúrẹ́dì kan ní Agege tó bá kọ̀ láti fi bromate sínú ìyẹ̀fun, kẹ́míkà tí NAFDAC ti fòfin dè, owó díẹ̀ ni yóò pàdánù, nítorí búrẹ́dì aládùúgbò rẹ̀ yóò wú ju tirẹ̀ lọ. Oníṣòwò tó bá sọ fún oníbàárà pé fóònù yìí kì í ṣe tuntun, wọ́n tún un ṣe ni, ó lè má tà á lọ́jọ́ yẹn. Akọ̀wé tó kọ̀ láti kọ iye méjì sórí ọjà kan ṣoṣo, ọ̀gá rẹ̀ lè máa wò ó bí ọ̀tá. Àwọn wọ̀nyí ni ajẹ́rìí tí Allen lè bí, mo sì ń fẹ́ ìwàásù tí yóò dárúkọ iṣẹ́ wọn lórí pẹpẹ.

Ẹnìkan á ní Èkó ni à ń gbé, kì í ṣe ọ̀run. Ẹni tí wọ́n dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lálẹ́ tí wọ́n kò jẹ́ kó lọ títí yóò fi fún wọn lówó, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá? Ìbéèrè gidi nìyẹn, oníwàásù tó bá sì fò ó dá kò tíì mọ ìlú yìí. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n fipá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fi owó ra ohun tí kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n fìyà jẹ ẹni àkọ́kọ́ ni, èkejì jalè. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ lórí pẹpẹ, tálákà yóò máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, olówó yóò sì rí ibi fara pamọ́ sí: á ní bí gbogbo ayé ti ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tún ń bẹ. Orúkọ Leo tó wà lára ṣọ́ọ̀ṣì Toyin Street yẹn bá agbègbè ilé iṣẹ́ mu ju bí a ti rò lọ. Leo Ńlá, tó jẹ Póòpù láti 440 sí 461, fi ìwàásù tó sún mọ́ 100 sílẹ̀ fún wa, ó sì tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ará Róòmù pé ohun tí ènìyàn fi ààwẹ̀ dù ikùn ara rẹ̀, inú tálákà ni kó wọ̀. Leo Kẹtàlá kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ ní 1891. Ó ní bí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ bá tilẹ̀ jọ fẹnu kò lórí iye kan, kò gbọdọ̀ kéré ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi gbé ayé rẹ̀, nítorí ẹni tí ìṣẹ́ fipá mú gbà kò gbà tinútinú. Leo Kẹrìnlá, tí wọ́n yàn ní oṣù Karùn-ún 2025, sọ fún àwọn kádínà pé nítorí Leo ti 1891 yẹn lòun ṣe yan orúkọ náà. Ẹ bá mi wo àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní kásúà, tí wọ́n ń gba owó òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀gá á ní, "Ṣebí wọ́n gbà?" Ìjọ ti dá ọ̀gá lóhùn ní ọdún tó lé ní 130 sẹ́yìn. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá tó ń gba Kọmúníọ̀nù ló ti gbọ́ èsì náà?

Irú ìwàásù yìí yóò bá pẹpẹ fúnra rẹ̀ wí o. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 1971 gbà pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òdodo fún aráyé, kó kọ́kọ́ jẹ́ olódodo lójú wọn. Nítorí náà, kí a tó ka ìwé Leo sí onílé iṣẹ́ létí, ká béèrè iye tí katikísì ń gbà, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Bí a bá sì ń ké orúkọ ẹni tó dá owó ńlá níbi ìkórè, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì rí owó oṣù gbà lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì ń gbọ́ ìwàásù mìíràn nínú àtẹ́wọ́ wa.

Kí a má sì gbàgbé pé Èkó ní onígbàgbọ́ Kátólíìkì kó tó ní fádà. Nígbà tí Borghero, àlùfáà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, dé ibí ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú bọ̀ láti Brazil, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló sì ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni fádà tó wá jókòó tì wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Èkó fi mọ àwọn Àgùdà: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bíríkìlà wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àwọn Mùsùlùmí ló gbé iṣẹ́ fún un, mo sì gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ tó dára ló jẹ́rìí fún un.

Póòpù Francis kọ ọ́ ní 2013 pé oníwàásù gbọ́dọ̀ dẹtí sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ni yóò wá gbọ́ bí a kò bá sọ̀rọ̀? Wọn kì í kọ́ fádà ní sẹ́mínárì bí wọ́n ṣe ń fi owó lé iye ọjà nínú ìwé, tàbí bí fáìlì ṣe ń sùn sórí tábìlì títí owó yóò fi jí i. Àwa la mọ̀ ọ́n. Nínú ìjẹ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ la ń sọ, inú àṣírí ló sì ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọkùnrin, ẹgbẹ́ obìnrin àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè pe fádà jókòó, kí wọ́n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wọn ti rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì ní kó wàásù lé e lórí. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹni méjì mẹ́ta lọ jọ́sìn níbòmíràn, kí àpò ọrẹ sì fúyẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ó yẹ ká lè san iye yẹn, nítorí àwa la tọrọ ìwòsàn fún ara wa.