Ọ̀rẹ́ Ìyàwó ní Clear Lake

Òfin ìpínlẹ̀ Texas kò ka ọ̀rẹ́ ìyàwó sí. Bí tọkọtaya bá ti gba ìwé àṣẹ, tí wákàtí 72 tí òfin là sílẹ̀ sì ti kọjá, ẹni tó so wọ́n pọ̀ nìkan ló kù tí yóò buwọ́ lu ìwé náà. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè ẹlẹ́rìí. Ní Nàìjíríà, bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti òfin ìjọba, ó kéré tán, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbà mí lọ́kàn lẹ́yìn tí mo ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó ní Clear Lake, ládùúgbò Houston tí NASA ti ń darí ìrìnàjò òfurufú láti ọdún 1965. Ta ló wá rán mi níṣẹ́ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà?

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọge tó ń relé ọkọ kì í dá sun ẹkún ìyàwó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa bá a káàkiri agboolé, wọn a máa gbè é lórin. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn obìnrin ilé a sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọkọ, níbi tí wọn yóò ti fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pín ẹrù náà gbé.

Ní Clear Lake, àwa díẹ̀ la gbé e. Màmá ìyàwó kò rí físà gbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà. Nígbà tí alága ìjókòó ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ gba àdúrà, mo ki fóònù bọ abẹ́ gèlè rẹ̀, mo gbé e sí i létí. Màmá ń kì í, ìyàwó ń sunkún, èmi sì ń fi ọwọ́ kejì nu omijé náà kí àtíkè má baà ṣàn.

Ó ń dùn mí pé aṣọ ẹbí àti gèlè olówó ńlá ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ọ̀rẹ́ ìyàwó lónìí. A ń ná ọmọ ọlọ́mọ lówó kí ó lè dúró nínú fọ́tò. Ẹni tí yóò wà nítòsí bí ọkàn ìyàwó bá dàrú ló yẹ kí a máa wá. Ẹni tó lọ sílé ọkọ ní Houston kò ní ilé bàbá tó lè yà sí nírọ̀lẹ́. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló di ilé bàbá.

Nígbà tí ìyàwó wa yìí bímọ, físà màmá kò tíì jáde. Èmi ni mo lọ wẹ ọmọ, tí mo sì fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá rẹ̀; màmá ń kọ́ mi lórí fóònù bí a ti ń ṣe é.