Ẹ̀yìn Àwo

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ra àwo orin àtijọ́ kiri wọ ilé wa ní Àrámọ̀kọ. Láti Ìjerò ni ó ti ń bọ̀, Ẹ̀fọ̀n ni ó ń lọ. Ó ti gbọ́ pé olóògbé bàbá mi fi àpótí àwo kan sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ṣa àwo jùjú àti àpàlà jọ kò kéré lóde òní, wọ́n sì ń náwó lé e. N kò jiyàn rárá, nítorí òrùlé ilé náà ń jò.

Àwọn àwo kékeré ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tó ń yípo ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ojú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Orin tí wọ́n fẹ́ kí ó tà ni wọ́n ń fi síwájú. Èyí tó kù, ẹ̀yìn ni ipò rẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí orin jùjú kan ṣoṣo ń gba odindi ojú àwo, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àwo parí. Orin tí à ń gbọ́ lórí fóònù lónìí kò tilẹ̀ ní ẹ̀yìn rárá.

I. K. Dairo ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn àwo náà. Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Ará ilé ni àwa ará apá ìwọ̀ oòrùn Èkìtì sì kà á sí. Òun ni ó sọ àkọ́díọ̀nù di ohun èlò jùjú. Lẹ́yìn tí Salome gbòde ní ọdún 1962, Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ kékeré rẹ̀. Híhan ni ó ń han, kò sí orin níbẹ̀ mọ́. Ó ní, “Eléyìí ti kú,” ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gúsí kò gbójú sókè. “Yí i sẹ́yìn.”

Orin jáde, ó mọ́ bí omi orísun. Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ojú iwájú ṣe fàájì títí ó fi bàjẹ́, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ta kòkó. Ti ẹ̀yìn, ìyá mi nìkan ni ó ń gbọ́ ọ, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ sóko.

Mo ní, “Ẹ̀yin nìkan kẹ̀, Màámi?”

“Ọdún tí ọmọ yẹn kú ni. Bàbá yín ò fẹ́ kí n máa sunkún. Bí orin bá ń lọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ mi.”

Mo ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta kí n tó mọ̀ pé èmi kọ́ ni àkọ́bí wọn. Mo béèrè orúkọ ọmọ náà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rí i báyìí pé àwo náà lówó lórí, ó dá iye tó ju ti gbogbo ìyókù lọ. A ta ìyókù fún un. Owó náà kò tó ra páànù tí a nílò, a ó ṣì máa gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò ní yàrá ẹ̀yìn títí dìgbà díẹ̀ sí i. Kí n tó padà sí Adó, ìyá mi ní kí n bá àwọn wá abẹ́rẹ́ giramofóònù.