Ìsìn Kì í Lóṣòó Gbowó

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "sìn": a ń sin Ọlọ́run, a ń sin ènìyàn, a sì ń sin àlejò sọ́nà. Ilé-ìwé àwọn Àgùdà ni mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ní St. Charles' Grammar School, Òṣogbo, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jọ jókòó kàwé ni. Láyé àtijọ́, òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà, a máa lóṣòó sẹ́nu-ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Olùkọ́ tí ó bá sin ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà láìbéèrè ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ kì í lóṣòó ti ẹnikẹ́ni. Láti 1995 ni Òṣogbo àti Iléṣà ti wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan náà. Bí owó ilé-ìwé ìjọ bá wá ga ju agbára tálákà lọ, ta ni a ń sìn?