Fíìmù kan nípa àwọn tí ń jẹ ènìyàn

Ní èdè wa, bí ènìyàn bá sọ pé "wọ́n ti pa á jẹ", kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá wọ́n fi ata sí i. Gbogbo wa mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ọmọ kú, àgbà ń bẹ láàyè, ojú gbogbo ilé sì yí sí ibi tí àgbà náà jókòó sí. Fíìmù Amẹ́ríkà kan wà tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lẹ́nu wa, tí ó sì ṣe é bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i lóòótọ́. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Fíìmù náà jẹ́ apá kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní The X-Files. Àwọn Fàránsé pè é ní Aux frontières du réel. Ọlọ́pàá ìjọba méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mulder àti obìnrin kan tí ń jẹ́ Scully, tí òun jẹ́ dókítà. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí àwọn ọ̀ràn tí kò yé ẹnikẹ́ni: iwin, ẹ̀mí àìrí, àwọn tí wọ́n ní wọ́n ti ojú ọ̀run wá. Mulder máa ń tètè gbà gbọ́, Scully a máa bèèrè ẹ̀rí. Apá tí mo ń sọ yìí, Our Town ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn "Ìlú Wa". Frank Spotnitz ni ó kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1995.

Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Arkansas tí ń jẹ́ Dudley. Ìlú inú ìtàn ni, ṣùgbọ́n Arkansas gidi ni, iṣẹ́ adìyẹ sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ lóòótọ́. Bàbá kan tí ń jẹ́ Chaco ni ó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìyẹ tí wọ́n sì ń dì í fún títà. Gbogbo ìlú ni ó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba rán ọkùnrin kan wá láti wo ìmọ́tótó ibẹ̀. Ọkùnrin náà rí i pé ibẹ̀ kò mọ́, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tì í pa. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó di àwátì. Àwọn ará ìlú ti pa á nínú igbó lóru, ọ̀kan nínú wọn da ìbòjú bo ojú bí eégún, wọ́n sì sè é jẹ. Kì í ṣe pé ebi ń pa wọ́n. Chaco ni ó kọ́ wọn pé ẹni tí ó bá ń jẹ ènìyàn kò ní darúgbó. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní 90 ọdún, ojú rẹ̀ sì dàbí ti ẹni 60. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jọ ọmọge, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìwé rẹ̀, 47 ọdún ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé àrùn wà lára ọkùnrin tí wọ́n jẹ, àrùn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní Creutzfeldt-Jakob. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ará ìlú, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣe bí aṣiwèrè. Mulder ní kí wọ́n wá inú odò, wọ́n sì kó egungun ènìyàn mẹ́sàn-án jáde, kò sí orí lára wọn, ẹnu egungun náà sì ń dán bíi ti egungun ẹran tí ó pẹ́ nínú ìkòkò. Nígbà tí ẹ̀rù ba ìlú, wọ́n kọjú sí Chaco fúnra rẹ̀, wọ́n sì pa á. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n bẹ́ Scully náà lórí kí Mulder tó dé.

Fíìmù náà dùn ún wò, n kò ní parọ́. Ní 1998, àbúrò mi kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu mú kàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá sílé ní Kétu. A gbé tẹlifíṣọ̀n sí àgbàlá, èmi ni mo sì ń túmọ̀ Fàránsé sí Nàgó fún àwọn ìyá tí kò gbọ́ ọ. Nígbà tí mo túmọ̀ ibi tí wọ́n ti sọ ọjọ́ orí Chaco, àgbàlá dákẹ́. Ìyàwó bàbá mi kan wá ní:

"Ẹ ò rí i? Òyìnbó pàápàá ní wọn. Ẹni tí ó bá pẹ́ láyé, ẹ bi í pé ọjọ́ ayé ta ni ó jẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó kù kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti ọdún márùn-ún. Yàrá rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ibi tí a gbé tẹlifíṣọ̀n sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi ni. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ní 1987, láàárín àkókò òjò kan ṣoṣo, ìkókó mẹ́ta kú nínú agbo ilé wa. Ikú kan náà ni ó pa wọ́n. Ọmọ yóò mu ọyàn dáadáa ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje, ẹnu rẹ̀ kò ní lè ṣí gba ọyàn mọ́. Ara rẹ̀ yóò gan, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọrun, bí ènìyàn bá sì fọwọ́ kàn án, á tún gan sí i. Kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ó ti lọ. Ẹ̀kẹta ni wọ́n sin tán tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wọn kúrò níbi tí Ìyá Àgbà bá jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Wọ́n kàn ń kí i láti òkèèrè ni, àwọn ọmọ tí ń lọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lọ mọ́. Wọ́n ní ó ń fi ọjọ́ ayé wọn kún tirẹ̀. Kò jà. Ó di ẹrù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ajáṣẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan wá sí àdúgbò wa nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò bèèrè ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé. Ó bèèrè irú abẹ tí a fi ń gé ìwọ́ ọmọ, àti ohun tí a ń fi sí ojú ìdodo. Wọ́n mú abẹ náà jáde fún un, inú àjà ni wọ́n máa ń fi í há, ó sì ti dípẹtà. Ó ní àrùn tí Fàránsé ń pè ní tétanos ni, pé inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, pé ojú ìdodo ni ó gbà wọlé sára àwọn ọmọ náà. Bí ìyá bá gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ó lóyún, tí a sì fi abẹ tuntun tí a sè nínú omi gé ìwọ́, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ìyàwó ilé gba abẹ́rẹ́ náà. N kò gbọ́ ikú irú rẹ̀ nínú agbo ilé wa mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lọ sí Ajáṣẹ́ láti lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé ó lè padà wálé.

Ìdí nìyí tí mo fi wá ohun tí fíìmù náà sọ, tí mo sì ka ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ òfuurufú Chaco já sí erékùṣù New Guinea nígbà ogun àgbáyé kejì, ó sì kọ́ jíjẹ ènìyàn lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ̀yà kan wà ní òkè ilẹ̀ Papua New Guinea tí ń jẹ́ Fore. Láyé ọjọ́un, bí èèyàn wọn bá kú, wọn kì í sin ín sí ilẹ̀. Ẹbí ni ó ń jẹ ẹ́, nítorí ìfẹ́ àti ọ̀fọ̀, kí ìdin má bàa jẹ ẹ́. Wọn kì í pa ẹnikẹ́ni kí wọ́n lè jẹ ẹ́, wọn kò sì jẹ ẹ́ nítorí àìdarúgbó. Àrùn kan wá wọ àárín wọn tí wọ́n ń pè ní kuru, ìyẹn ìwárìrì. Ó pa ju 2,000 ènìyàn lọ, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Dókítà Vincent Zigas àti Carleton Gajdusek kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1957. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Robert Glasse àti Shirley Lindenbaum gbé láàárín àwọn Fore, wọ́n bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó jẹ òkú ta ni àti ẹni tí ó kú lẹ́yìn náà. Ìdáhùn wọn ni ó la ọ̀nà. Gajdusek gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Ibi tí ó mú mi lọ́kàn jù kò sí nínú fíìmù rárá. Àwọn Fore fúnra wọn kò gbà pé oúnjẹ ni ó ń pa wọ́n. Wọ́n ní oṣó ni. Wọ́n ní ẹnì kan ti mú irun tàbí àjẹkù oúnjẹ aláìsàn, ó ti dì í sínú ewé, ó ti rì í sínú ẹrẹ̀, bí dídì náà bá sì ti ń jẹrà ni ara aláìsàn ń gbọ̀n. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin tí wọ́n fura sí. Ẹ wò ó: àwọn tí wọ́n jẹ òkú lóòótọ́ pàápàá, wọ́n ṣì ń wá ẹlòmíràn tí wọn yóò ní ó jẹ wọ́n.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà ṣì lè rántí Àtíngà. Láti apá òkè Gold Coast, tí a ń pè ní Gana lónìí, ni ó ti wá. Ó gba Dàhòmè kọjá, ó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ní 1950. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ó ń jó, tí wọ́n ń tọ́ka sí àwọn ìyá àgbàlagbà pé àjẹ́ ni wọ́n. Ìyá tí ó bá jẹ́wọ́ yóò sanwó. Ti èyí tí ó bá sẹ́, wọn yóò dúńbú adìyẹ, wọn yóò sì wo bí adìyẹ náà ṣe kú kí wọ́n tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà fòfin dè é ní 1951. Tiwa tún dé lẹ́yìn náà. Láàárín 1975 sí 1976, ní àkókò Kérékou, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ gbógun ti àwọn tí wọ́n ní ó jẹ́ oṣó àti àjẹ́. Wọ́n mú àwọn ìyá àgbàlagbà, wọ́n sì mú kí àwọn kan jẹ́wọ́ lórí rédíò pé àwọn ni ó ń pa ọmọ. Tétanos wà lára ohun tí ń pa àwọn ọmọ náà.

Nítorí náà, bí Mulder bá dé agbo ilé wa ní 1987, kí ni yóò rí? Mulder a máa tètè gbà gbọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí díẹ̀. Scully ni èmi ìbá ránṣẹ́ pè, nítorí òun ni ó máa ń ní kí wọ́n gbé òkú wá kí òun wò ó. Nọ́ọ̀sì wa yẹn, Scully ni.

Fíìmù náà kò mọ ibi tí àrùn náà yóò ti yọ. Wọ́n ń fi hàn nínú rẹ̀ pé adìyẹ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ adìyẹ. Ó jọ pé fún ìríra ni wọ́n ṣe fi í sí i. Lákòókò náà gan-an, àwọn àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ẹran àti egungun lílọ̀ bọ́ màlúù fún ọdún púpọ̀, títí ìjọba fi fòfin dè é ní 1988 nítorí màlúù ń ya wèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn fíìmù náà, ìjọba wọn jẹ́wọ́ pé ó jọ pé àrùn náà ti bọ́ sára ènìyàn. Ìbátan Creutzfeldt-Jakob ni. Ènìyàn 178 ni ó pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí igbó, kò sí ìbòjú. Ọjà ni wọ́n ti ra ẹran náà.

Ohun kan tún wà nínú fíìmù náà tí mo máa ń rántí. Mulder àti Scully lọ sí ilé ẹjọ́ láti wo ìwé ìbí àwọn ará ìlú, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí wọn. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá a pé wọ́n ti sun àwọn ìwé náà. Àwọn ìyá inú àgbàlá kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ni nínú wọn tí ó ní ìwé ìbí?

Káàdì ìdánimọ̀ Ìyá Àgbà wà lọ́wọ́ mi. Níbi tí ó yẹ kí ọjọ́ ìbí wà, "vers 1910" ni akọ̀wé kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ó fojú bù ú. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìyá òun wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà tí Dàhòmè fọ́ Kétu ní 1886, pé ó padà wálé lẹ́yìn tí Fàránsé ṣẹ́gun, pé òun ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ akọ̀wé, yóò jẹ́ ẹni 83 ọdún nígbà tí ó kú ní Ajáṣẹ́ ní 1993. Mo lọ kí i ní ọdún tí ó ṣáájú. Mo bi í léèrè iye ọmọ tí ó bí. Ó ní mẹ́fà, èyí tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ yìí nìkan ni ó kù. Ó dárúkọ àwọn márùn-ún yòókù fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọjọ́ ọjà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀.